Lẹ́tà Méjì Mugdha

Orí Mugdha Salunkhe pé. Gbogbo ilé wa ní Dombivli, nílẹ̀ Íńdíà, ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ń wá ibi tí yóò ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà, yunifásítì méjì ló kọ̀wé sí i pé kó máa bọ̀. Ọ̀kan wà ní Guwahati, níbi tí olùkọ́ obìnrin kan ti ń wá ọ̀nà tí àgbá kẹ́míkà kò fi ní máa bú pa òṣìṣẹ́. Èkejì wà ní Mumbai, lọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Karkhanis, tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju ọ̀dà ògiri lọ. Ọmọ náà ní Mumbai ni òun ń lọ.

"Ṣé nǹkan ò ṣe ẹ́ ṣá?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Ọ̀dà! Ọdún márùn-ún gbáko!"

"Màmá, yàrá ọkùnrin yẹn ni ìwé ọ̀rọ̀ Bàbá wà."

Karkhanis ló ṣáájú àwọn tó wá yẹ ilé iṣẹ́ wa wò lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà tí àgbá bú tó sì pa Vasant, bàbá Mugdha. Wọ́n kọ ọ́ pé Vasant ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ láàárọ̀, pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe nídìí àgbá lọ́sàn-án. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́rẹ́, àdúgbò ti parí rẹ̀: olè ló wá jà, wáyà ló wá jí tú.

Èmi Dattaram, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mọ ohun tó wá ṣe. Tèmi ni iṣẹ́ ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Ìgbéyàwó kan ni mo fẹ́ lọ jẹ ní Kalyan, mo ní kó bá mi dúró sẹ́nu iṣẹ́, a ò sì sọ fún ọ̀gá. Mo parọ́ fún wọn pé inú ló ń run mí, pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nígbà tó bú ni. Ẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́ ló kọ́kọ́ pa mí lẹ́nu mọ́. Nígbà tó yá, ìtìjú ni.

Lọ́jọ́ kẹwàá ikú rẹ̀, a gbé ìrẹsì sétí omi fún kannakánná, torí bí ẹyẹ ò bá jẹ ẹ́, ọkàn òkú ò tíì sinmi. Kò jẹ ẹ́. Àwọn ẹbí ń jẹ́jẹ̀ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, kí ẹyẹ sì jẹun: "A ó tọ́jú ọmọ rẹ!" "A ò ní já ìyàwó rẹ sílẹ̀!" Ẹyẹ kàn ń wò wá. Nígbẹ̀yìn, koríko la fi ṣe ẹyẹ, a sì fi ẹnu rẹ̀ kan ìrẹsì, kó lè dà bíi pé ó jẹ ẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí kannakánná bá ké lójú fèrèsé mi, màá dìde lọ ti fèrèsé. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Wọn ò sọ bí òpùrọ́ ṣe máa sùn kí ọjọ́ náà tó dé.

Lọ́dún yìí, nígbà tí ọjọ́ ìrántí rẹ̀ pé, a tún gbé oúnjẹ sórí òrùlé pẹrẹsẹ lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kannakánná kan bà sórí táńkì omi, kò sún mọ́ ọn.

"Bàbá Mugdha, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun," ni ìyá rẹ̀ ń bẹ̀. "Guwahati lọmọ yín ń lọ."

Ẹyẹ ò mira.

Mugdha pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀. "Bàbá, Mumbai ni mò ń lọ. Màá lo ọdún márùn-ún, màá lo mẹ́wàá, títí màá fi mọ ohun tí ẹ wá ṣe nídìí àgbá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn." Ó yíjú sí mi, èmi tó ń pè ní Kaka bíi pé àbúrò bàbá rẹ̀ ni mí. "Kaka, ẹ bá mi bá Màmá sọ̀rọ̀ o."

Mo ro ọdún mẹ́wàá náà, kí irú ọmọ yìí máa wá ohun tí kò sí nínú ìwé kankan. Ẹnu mi là fúnra rẹ̀.

"Má lọ. O ò ní rí i níbẹ̀. Èmi ni mo ní kó bá mi dúró sẹ́nu iṣẹ́ mi."

Kò sẹ́ni tó wo ẹyẹ mọ́. Ìyá Mugdha rọra jókòó sórí símẹ́ńtì.

Mugdha fọwọ́ sí lẹ́tà Guwahati lọ́sẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ tó ń lọ, mo gbé ojú mi tó tì mí lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin. Ó gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ yọ mí nínú ọ̀dà, ẹ ṣé," ló wí. "Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi pe bàbá mi lólè. Ẹ mọ̀, ẹ sì ń bá wa jẹun nílé wa. Ẹ wá sọ fún mi, Kaka: ta ni olè?"