Àwọn Tó Dùbúlẹ̀ Kò Ní Ẹ̀fọ́rí

Kò sí òkè tí ẹsẹ̀ Tiruwork ò tíì gùn ní ìlú yìí. Nọ́ọ̀sì ni. Láàárọ̀, yàrá ìgbẹ̀bí ló máa ń wà ní ọsibítù. Tó bá di ọ̀sán, táwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń bọ́ aṣọ iṣẹ́ lọ sílé, òun á gbé báàgì kọ́ èjìká, ó di ojúlé dé ojúlé. Ìwádìí abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ló kó o sí i. Abẹ́rẹ́ yẹn, ẹ̀yìn ni wọ́n ti máa ń gún un fún obìnrin tó ń rọbí, kí ìrora má baà pa á. Dókítà Habtewold tó ń ṣe ìwádìí ọ̀hún wá fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa ń fi nǹkan sí wọn lára tí wọ́n bá délé: ẹ̀fọ́rí, ẹ̀yìn ríro, kí ẹsẹ̀ máa kú. Nínú àwọn tó ń lọ béèrè nílé, Tiruwork nìkan ló kù. Àwọn yòókù ti ríṣẹ́ sí Addis, olú ìlú.

Ó fẹ́ràn abẹ́rẹ́ yẹn o, ká sọ tòótọ́. Nígbà tóun bí ọmọ tiẹ̀, aṣọ ló há sẹ́nu, ó sì gé e jẹ títí tó fi ya. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí obìnrin tó ń rọbí lọ́wọ́ tó tún ń fi ìyá ọkọ ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, kọ̀rọ̀ ló lọ dúró sí, ó nu ojú. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kì í wo orúnkún sàn. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọkọ ẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí wà ní Dubai, ó ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Tó bá délé nírọ̀lẹ́, injẹ́rà àná, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, ló máa ń fi omi ata jẹ, á sì sùn taṣọtaṣọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí à ń wí yìí, ilé Fikirte ló kẹ́yìn, lókè pátápátá, lẹ́yìn àwọn igi yukalíptọ́ọ̀sì. Ọmọ àkọ́bí ni Fikirte bí, ọkùnrin. Tiruwork ti bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní kò sí nǹkan. Ta ni kò sọ bẹ́ẹ̀? Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Inú Dókítà Habtewold ń dùn, ó ti ń sọ káàkiri pé abẹ́rẹ́ àwọn ò fa ẹ̀fọ́rí fẹ́nì kankan.

Atsede, ìyá Fikirte, ló ṣílẹ̀kùn.

"Ìwọ ni nọ́ọ̀sì tó ń béèrè ẹ̀yìn èèyàn kiri?"

"Èmi ni, Màmá. Ẹ kú ewu ọmọ."

"Wọlé, kí atẹ́gùn má bá ẹ wọlé. Wo bó o ṣe rí. Ṣé ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù yẹn ni, àbí ẹ̀yin lẹ rù ú sórí?"

"Wọn ò ṣáà tíì ní ká rù ú, Màmá."

Wọ́n ti fi aṣọ dí fèrèsé. Fikirte wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó dé àgbọ̀n, ọ̀bẹ wà lábẹ́ ìrọ̀rí kí ẹ̀mí búburú má baà sún mọ́ ọn. Ìyá ìkókó kì í dìde níbí. Á sùn, á jẹ ọkà oníbọ́tà, á tún sùn, títí àlùfáà á fi wá wọ́n omi àdúrà sílé, kó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oòrùn.

"Ṣé orí ń fọ́ ẹ?"

"Rárá, ọpẹ́ ni f'Ọlọ́run."

"Ẹ̀yìn ńkọ́?"

Ìyá ẹ̀ ló gbà á lẹ́nu ẹ̀. "Ẹ̀yìn ẹni tí kì í ṣe nǹkan kan ni yóò máa dùn ún? Jókòó, kó o mu kọfí."

Tiruwork tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù pé kò sí. Ó jókòó, àga yẹn sì gbà á bí ìyá ẹ̀. Ó mu ife kìíní, ó mu ìkejì. Èèyàn kì í dìde kó tó mu ìkẹta, ibẹ̀ ni ìbùkún wà. Oorun gbé e, ife fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

"Kúkú sún mọ́ Fikirte kó o dùbúlẹ̀," ni Atsede wí, "kí n máa fún ẹ̀yin méjèèjì lọ́kà." Ó rẹ́rìn-ín, ó jáde lọ bu èédú sí i.

Bó ṣe jáde ni ọmọ figbe ta nínú apẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Fikirte na ọwọ́, ọwọ́ ò tó o. Ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ fa apẹ̀rẹ̀, kò wá. Ọmọ ń han. Ká ní orúnkún Tiruwork le dáadáa ni, ì bá ti gbé e fúnra ẹ̀.

"Jọ̀ọ́, Fikirte, dìde gbé e. Ẹsẹ̀ mi ò gbà mọ́."

Fikirte wo kọ́tìnnì bóyá ìyá ẹ̀ ń bọ̀. Ó dìde jókòó. Kò tíì fọwọ́ kan ọmọ tí ojú ẹ̀ fi yí padà, tó fọwọ́ méjèèjì di ìpàkọ́ mú, tó bì sára bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó ṣubú padà sórí ìrọ̀rí. Láìpẹ́, ara ẹ̀ balẹ̀.

Oorun dá lójú Tiruwork. "Ìgbà wo ló ti ń ṣe ẹ́?"

"Láti ọsibítù. Tí mo bá ti dìde ni. Tí mo bá dùbúlẹ̀, ó tán."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi ẹ́ ni."

"Mo dùbúlẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bi mí. Orí ò fọ́ mi. Láti àná, mo tún ń rí nǹkan ní méjì. Màmá mi ń di méjì, ọ̀kan yẹn sì ti tó mi."

Tiruwork ò lè rẹ́rìn-ín. Ó fagídí dìde, ó gbé ọmọ. Atsede wọlé, ó rí èébì.

"Kí lo ṣe fún un?"

"Màmá, ibi tí abẹ́rẹ́ gún lẹ́yìn ẹ̀ ni kò dí. Omi tó gbé ọpọlọ ró ló ń jò níbẹ̀. Ó ti wá dé ojú. Tá a bá fi sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè ya sínú orí ẹ̀, ìyẹn sì lè pa á. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ ọsibítù lónìí."

"Kí oòrùn lè pa á? Àbúrò mi jáde kí wọ́n tó wọ́n omi àdúrà. Oòrùn lù ú, a sin ín. Kí ni wọ́n sì fẹ́ fi wò ó níbẹ̀?"

"Abẹ́rẹ́ ni. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n máa gún. Mi ò ní parọ́ fún yín."

"Ẹ ti gún un lẹ́ẹ̀kan, ẹ rí i."

Tiruwork mọ̀ pé àwọn nọ́ọ̀sì míì á pariwo mọ́ ọn, wọ́n á ní àwọn á pe ìjọba. Agbára ìyẹn ò sí lára ẹ̀. Ó lọ jókòó ti ìyá náà, ọmọ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Màmá, tó bá di dandan kí ìyá ìkókó jáde, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?"

Atsede ń fi ìka ka á. "Kí oòrùn ti wọ ẹ̀yìn òkè. Kí wọ́n bò ó látorí délẹ̀. Kí irin wà lọ́wọ́ ẹ̀."

"Ṣé kó máa rìn?"

"Ta ló ní kó rìn? Kí wọ́n gbé e, kó dùbúlẹ̀ gbọnrangandan."

"Bí ọsibítù náà ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

Ìyá náà wo ọmọ ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó mú ọ̀bẹ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó fi í sí i lọ́wọ́. "Lọ pe àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò," ó sọ fún Tiruwork, "kí wọ́n gbé ibùsùn onígi wọn wá."

Oòrùn ti wọ, ilẹ̀ ti ń tutù nígbà tí àwọn ọkùnrin mẹ́rin gbé e sórí èjìká. Ibùsùn kan náà ni wọ́n fi ń gbé aláìsàn àti òkú, wọ́n sì ti bo Fikirte pátápátá. Ẹni tí wọ́n bá pàdé, á ṣí fìlà. Obìnrin kan káwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún.

"Ẹ má ṣòfò ẹkún yín, Màmá," ni Fikirte wí lábẹ́ aṣọ. "Mi ò tíì kú."

Díẹ̀ ló kù kí obìnrin náà já sínú gọ́tà.

"Òkú kì í wúwo tó báyìí," ni ọ̀kan nínú àwọn tó gbé e wí. "Ọkà ìyá ẹ̀ là ń gbé."

Ní ọsibítù, Dókítà Habtewold fa ẹ̀jẹ̀ lápá Fikirte, ó fi abẹ́rẹ́ tì í sí i lẹ́yìn, níbi tó ń jò.

"Ẹ fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ dí ihò?" ni Atsede bi í.

"Bíi ti táyà, Màmá."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n ní kó jókòó. Ó jókòó, ó dijú, ó ń retí ẹ̀fọ́rí. Kò dé. Ojú ẹ̀ ò tíì dá pé, ìyá ẹ̀ ṣì ń di méjì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó gbé ọmọ ẹ̀ lórí ìjókòó, ó fún un lọ́mú.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, dókítà bọ́ awò ojú ẹ̀. "Àwọn yòókù tẹ́ ẹ bi léèrè ńkọ́?"

"Lórí ìdùbúlẹ̀ ni mo bá gbogbo wọn, dókítà."

"A jẹ́ pé a ò mọ nǹkan kan."

"A ò mọ̀."

"Ṣé ẹ máa lè padà lọ?"

Tiruwork wo bàtà ẹ̀. "Ẹ wá ẹnì kejì fún mi."

"Màá wá a," ó ní, àwọn méjèèjì sì mọ̀ pé kò ní tètè rí i.

Lọ́sàn-án yẹn, Tiruwork ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó lọ sílé obìnrin tó bímọ ṣáájú Fikirte. Ó bá a lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Obìnrin náà ní ọpẹ́ ni f'Ọlọ́run, orí ò fọ́ òun.

"Mo gbọ́," ni Tiruwork wí, ó gbé báàgì sílẹ̀. "Dìde jókòó ná. Màá gbá ẹ mú."