Ọbẹ̀ Wọ̀rọ̀wọ́ Tí Mi Ò Sè

Pọ̀nmọ́ tí wọ́n fún mi ní búkà lónìí, tí n bá gbé e sójú, màá rí ẹni tó ń kọjá lójú títì. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, mo bi ọmọbìnrin tó gbé e wá pé ṣé pọ̀nmọ́ ni àbí bébà. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣáà jẹ ẹ́. Màlúù fúnra ẹ̀ ti rù." Mo jẹ ẹ́. Inú bí mi, mo sì lá àwo. Bí tèmi ṣe rí nìyẹn.

Nígbà tí mo délé, mo fẹjọ́ pọ̀nmọ́ náà sun ìyàwó mi. Ó ń ṣa ẹ̀wà, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ̀yin kẹ̀, Bàbá wọn? Ẹ̀yin lẹ wá ń yẹ inú ọbẹ̀ olóúnjẹ wò báyìí? Ojú yín ti wá là nìyẹn." Mo wábi jókòó sí. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ tó bá ti tọwọ́ bọ̀ ọ́ báyìí, ńṣe ni etí mi máa ń gbóná bíi ti ọmọ tí wọ́n ká ẹran mọ́ lẹ́nu.

Káfíńtà ni mí ní Ìlaró. Mo kàwé dé fọ́ọ̀mù tú kí èmi àti ìwé tó gbà pé ká pínyà ní ìrọwọ́rọsẹ̀. Oúnjẹ ni mo wá gba dìgírì lé lórí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lọ́nà pólì, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tó bá wá ṣe tábìlì lọ́dọ̀ mi kì í kúrò láìbéèrè ibi tí ọbẹ̀ ti dùn lọ́jọ́ náà. Mo mọ búkà tí làfún rẹ̀ máa ń ní kókó. Mo mọ èyí tó jẹ́ pé ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni ilá rẹ̀ máa ń fà.

Búkà tí mo fẹ́ràn jù wà lẹ́yìn páàkì. Ìyá olóúnjẹ ibẹ̀ ló bà mí jẹ́. Kó tó bu ọbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, á kọ́kọ́ ta díẹ̀ sí mi lọ́wọ́, á ní, "Káfíńtà, ẹ bá mi tọ́ ọ wò. Kí ló kù?" Èmi á dijú bí ẹni tí wọ́n ń ṣàdúrà fún, èmi á ní, "Iyọ̀ díẹ̀." Iyọ̀ díẹ̀ náà ni mo máa ń sọ lójoojúmọ́. Àwọn tó jókòó á máa mi orí. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ pólì sọ lọ́jọ́ kan pé ahọ́n mi yìí, ìjọba ló yẹ kó máa tọ́jú ẹ̀. Mo gbà á gbọ́.

Ẹja àrọ̀ gbígbẹ ni ìyá yìí fi ń se gbogbo ọbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ a kì í jẹ àrọ̀ nílé bàbá mi. Èèwọ̀ ni. Bàbá mi gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá tiwọn, kò sì sẹ́ni tó béèrè ohun tí ẹja náà ṣe. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo jẹ ẹ́ ní búkà, mi ò mọ̀. Nígbà kejì, mo mọ̀. Nígbà kẹta, mo ní kí wọ́n bá mi wá orí ẹ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé ayé ti là, pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni. Àmọ́ mi ò jẹ́ sọ ọ́ létí ìyá mi.

Abúlé kan lọ́nà Ayétòrò ni ìyá mi ń gbé, làfún ni wọ́n fi ń ṣòwò. Àwọn ló kọ́ mi ní oúnjẹ. Nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi bá ti lọ gbá bọ́ọ̀lù, ìdí ààrò Màmá ni wọ́n á ti bá mi, tí mò ń fẹ́ná, tí mò ń béèrè ìgbà tí irú máa wọlé. Àwọn ará ilé á ní, "Ọkùnrin ìdí ààrò!" Màmá á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Ọwọ́ ẹ̀ ni màá ti jẹun lọ́jọ́ ogbó."

Nígbà tí mo kọ́lé, Màmá ló gé wọ̀rọ̀wọ́ fún mi láti ẹ̀yìnkùlé tiwọn. Mo gbìn ín sẹ́bàá ọgbà lábẹ́ igi ọsàn, ó gun ọgbà, ó pọ̀ débi pé àwọn aládùúgbò ń wá tọrọ. Mo ní ilá, mo ní ata, mo ní ewúro, àmọ́ wọ̀rọ̀wọ́ yẹn ni mo fi ń gbéra ga. Tí Màmá bá pè mí lórí fóònù, kí wọ́n tó béèrè àwọn ọmọ ni wọ́n máa ń béèrè ẹ̀: "Wọ̀rọ̀wọ́ wa ńkọ́?"

"Ó ń ṣe dáadáa, Màmá."

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tata bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ewé ẹ̀. Mo ra oògùn lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń fi ọ̀kadà kó ọjà wá láti Ìdí-Ìrókò. Faransé ni wọ́n kọ sí gbogbo ara ike náà. Ìyàwó mi ní kí n gbé e lọ fún ẹni tó gbọ́ Faransé. Èmi, ọ̀mọ̀wé fọ́ọ̀mù tú, mo ní kí lèèyàn tún fẹ́ kà níbẹ̀? Wọ́n ya ewé tútù yọ̀yọ̀ sára ẹ̀, ó ti yé mi: oògùn tó ń mú ewé tutù ni. Mo fọ́n ọn dáadáa. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, tata wà láàyè. Ewé ló kú. Oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko ni.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Màmá pè. "Wọ̀rọ̀wọ́ wa ńkọ́?" Mo ní, "Ó ń ṣe dáadáa, Màmá."

Kò pẹ́ sí i ni àìsàn gbé wọn ṣánlẹ̀. Wọ́n lo ọ̀sẹ̀ kan ní ọsibítù. Dókítà ní oògùn tí wọ́n ń lò lágbára, wọn ò gbọ́dọ̀ lò ó láìjẹun. Mo gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi, àmọ́ oúnjẹ ò lọ. Ògì, Màmá mu ṣíbí mẹ́ta. Ìyàwó mi fi ẹja tútù se ọbẹ̀ ata tí òórùn ẹ̀ ń pe ará àdúgbò, Màmá dúpẹ́, wọ́n rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Apá wọn ti tínrín débi pé ẹ̀gbà ọwọ́ wọn ń yọ bọ́ sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, wọ́n pè mí.

"Ọkọ mi, wọ̀rọ̀wọ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ yẹn, ṣé o lè fọwọ́ ara rẹ sè é fún mi? Ó ń ṣe mí bíi pé màá lè jẹ ìyẹn."

Ẹni tó bá ní làákàyè á ní, "Màmá, ẹ má bínú, mo ti fi oògùn pa á." Èmi ní, "Kí ilẹ̀ ọ̀la ṣáà mọ́, Màmá."

Ilẹ̀ mọ́. Ìyàwó mi lọ nájà Ọjà-Ọ̀dàn. Mo wá wọ̀rọ̀wọ́ káàkiri ọjà, ẹ̀ẹ̀rùn ni, kò sí. Mo dé búkà ẹ̀yìn páàkì, òórùn wọ̀rọ̀wọ́ ló kí mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé orí ló bá mi ṣe é.

"Ìyá olóúnjẹ, ẹ yá mi ní kúlà kan, kẹ́ ẹ bu wọ̀rọ̀wọ́ sínú ẹ̀ fún mi. Àmọ́ ẹ má fẹja sí i o. Ẹran nìkan."

"Káfíńtà! Ẹ̀yin lẹ ní ká má fẹja sí i? Ṣé ara yín yá?"

"Àlejò ni mo ní."

"Àlejò yìí mà le o, tí ò jẹ orí àrọ̀."

Mo pe ìyá mi ní àlejò. Ó ṣa ẹja kúrò níkọ̀ọ̀kan, ó bu ọbẹ̀, ó ta díẹ̀ sí mi lọ́wọ́ bí ìṣe wa. Mo dijú, mo tọ́ ọ wò. Mi ò gbọ́ àrọ̀ kankan níbẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀.

Màmá wà lórí àga ní pálọ̀ nígbà tí mo gba ẹ̀yìn wọ ilé ìdáná. Mo gbé kúlà pa mọ́ sábẹ́ tábìlì, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sè. Kí ni mò ń sè? Ariwo ni. Mo gbé ìkòkò kalẹ̀ gbàgà, mo tún gbé e kúrò. Mo gún odó tí kò sí nǹkankan nínú ẹ̀. Mo da àlùbọ́sà sínú epo gbígbóná kí òórùn lè lọ jẹ́rìí mi ní pálọ̀. Mo tiẹ̀ ké "Yéè!" bí ẹni tí epo ta sí lára.

Màmá fi ohùn tó ti rẹ̀ dáhùn láti pálọ̀. "Rọra o, ọkọ mi. Má tìtorí mi jóná o."

Ibi tó yẹ kí n dúró sí nìyẹn. Mi ò dúró. Mo da ọbẹ̀ náà sínú àwo, mo bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí n ṣáà lè sọ pé ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Làfún nìkan ni mo rò fúnra mi. Ó ní kókó.

Màmá wẹ ọwọ́, wọ́n ní "Bìsìmílà", wọ́n ki òkèlè bọ ọbẹ̀, wọ́n gbé e sẹ́nu. Ojú wọn kọ́kọ́ tàn, bí ẹni tó ṣàdédé rí ojúlùmọ̀ lójú ọ̀nà. Mo rí i. Lẹ́yìn náà ni ẹnu wọn dúró. Wọ́n wo àwo, wọ́n wo èmi.

"Ta ló sè é?"

"Èmi ni, Màmá."

"O tọ́ ọ wò kí o tó gbé e wá?"

"Mo tọ́ ọ wò dáadáa."

"Kí lo gbọ́ níbẹ̀?"

"Iyọ̀ díẹ̀ ló kù." Ọlọ́run ló mọ ìdí tí mo fi sọ ọ́.

Wọ́n tu òkèlè náà sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. "Àrọ̀ ni wọ́n fi sè é."

Mo ní kò sí ẹja níbẹ̀, kí wọ́n wò ó.

"Wọ́n ti ṣa ara ẹ̀ kúrò. Omi ẹ̀ wà níbẹ̀." Wọ́n fẹ̀yìn ti àga. "Agosasa ni wọ́n bí mi sí, ìwọ náà mọ̀. Àrọ̀ ni bàbá mi ń dẹ lódò. Òun ni mo jẹ dàgbà, mi ò tíì rí ẹja tó dùn tó o. Ọjọ́ tí mo wọlé bàbá rẹ, ìyá wọn ní obìnrin tó bá fẹ́ bímọ sílé yìí kì í fi àrọ̀ kan ìkòkò. Mo fi í sílẹ̀. Bàbá rẹ kú, mi ò padà sídìí ẹ̀. Kì í ṣe èèwọ̀ tèmi. Ti ẹ̀yin ọmọ ni."

Mo tẹjú mọ́ òkèlè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo.

"Ẹnu tí kò bá jẹ ẹ́ rí, á mọ̀ pé nǹkan àjèjì wọlé. O tọ́ ọ wò, o ò mọ̀ ọ́n." Wọn ò gbóhùn sókè. "Ó ti pẹ́ tí o ti ń jẹ ẹ́, àbí?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí síméǹtì. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Wọ́n wẹ ọwọ́. Wọn ò jẹ nǹkankan, wọn ò sì lo oògùn ọ̀sán náà. Mo lọ jókòó sí ilé ìdáná, ọbẹ̀ wà níwájú mi. Ẹ wo bí ìtìjú mi ṣe tó: òórùn ẹ̀ ṣì ń mú itọ́ yọ lẹ́nu mi.

Ìyàwó mi dé ní nǹkan bí aago mẹ́rin, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. "Odó òfìfo lẹ gún?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ara ògiri mú. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Bàbá wọn, ẹ dìde. Ilá wà lẹ́yìnkùlé, oògùn yín ò débẹ̀. Màmá ò ní kẹ́ ẹ se ọbẹ̀ ọba. Wọ́n ní kẹ́ ẹ fọwọ́ yín sè é." Ó ká ọwọ́ mọ́ àyà lẹ́nu ọ̀nà, kò bá mi fọwọ́ kan ṣíbí kan.

Mo já ilá, mo rẹ́ ẹ. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti dáná gbẹ̀yìn. Jíjẹ àti sísọ ni mo ti ń ṣe. Irú wọlé láìtó àsìkò, ìdí ìkòkò jó. Mi ò tọ́ ọ wò. Ojú ahọ́n mi ń tì mí.

Kí Màmá tó bu òkèlè, mo jẹ́wọ́: wọ̀rọ̀wọ́ ti kú kí àìsàn tó dé, gbogbo "ó ń ṣe dáadáa" tí mò ń wí, irọ́ ni. Mo sọ ti oògùn, mo sọ ti Faransé. Wọ́n ń gbọ́, wọ́n ń wo ọbẹ̀.

"Tata yẹn wá ńkọ́?"

"Wọ́n wà láàyè, Màmá."

Ẹnu wọn yẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun. Wọ́n bu òkèlè kan. Wọ́n bu ìkejì. Èmi dúró bí ẹni tó ń retí ìdájọ́. Wọ́n jẹ ẹ́ dé ìdajì, wọ́n sì lo oògùn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ kí n kó àwo, wọ́n fọwọ́ di etí ẹ̀ mú.

"Iyọ̀ ò tó. Ó sì jóná. Àmọ́ tí o bá tún fẹ́ parọ́ fún mi, ọkọ mi, wá nǹkan mìíràn fi pa á. Má fi oúnjẹ pa á."