Eyín Ehoro Bàbá Mi

Ojú bàbá mi ti fọ́ pátápátá nígbà tí mo mú un kúrò ní Òwu-Ìsin wá sọ́dọ̀ mi ní Òmù-Àrán. Àgbẹ̀ ni, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lásán. Nítorí náà, nígbà tí tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan fún mi ní ọmọ ehoro funfun, mo gbé e lé Bàbá lẹ́sẹ̀ kí ó lè máa rí nǹkan fọwọ́ pa. Mo rò pé á ní kí n lọ sè é ni. Láàárín oṣù mélòó kan, ehoro náà di alábàárò rẹ̀. Ìgbómìnà pọ́ńbélé ni ó ń bá a sọ láti àárọ̀ dalẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo ń múra ilé-ìwé lọ́wọ́ nígbà tí ó pè mí láti ẹ̀yìnkùlé.

"Ehoro yìí kò jẹun láti àná. Mi ò gbọ́ kí ó rún nǹkan kan."

Mo yọjú wò ó. Ó jókòó jẹ́ẹ́, búrẹ́dì wà níwájú rẹ̀.

"Bàbá, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ó yó ni."

"Ìwọ lo lójú," ni ó wí.

Ó ń dùn mí títí dòní pé mo bá tèmi lọ. Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án, itọ́ ti rin àgbọ̀n ehoro náà títí dé àyà, kò sì yàgbẹ́ kankan. Mo fi ìka ká ètè rẹ̀ sókè. Eyín ìsàlẹ̀ méjèèjì ti gùn, wọ́n ti tẹ̀ jáde bí èékánná àṣá, wọ́n kọrí sí imú rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó máa ń gún ewúrẹ́ lábẹ́rẹ́. Mo ránṣẹ́ pè é. Ó wo ẹnu ehoro náà, ó sì fa pílayà yọ nínú àpò.

"Mo kàn máa gé e ni, Mà. Kò ní pẹ́ rárá."

Bàbá gbọ́ ìró irin náà, ó na ọwọ́ síwájú. "Má fi ìyẹn kan ẹnu rẹ̀. Eyín kì í ṣe igi."

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti bà mí, mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán. Mo di ehoro náà mú, mo ní kí ó gé e. Ó dún pọ́! Ehoro náà ké. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ehoro a máa ké. Ó dà bí igbe ọmọ ọwọ́. Ẹ̀jẹ̀ bo ọwọ́ mi. Eyín kan ti là wọ inú èrìgì lọ. Ọkùnrin náà dúró, ó ń wò mí. Mo ní kí ó máa lọ.

Bàbá kò bú mi. Ó kàn béèrè pé, "Ta ló mọ iṣẹ́ yìí?"

Mo tẹ fóònù títí wọ́n fi júwe dókítà ẹranko kan ní Ìlọrin fún mi. Dókítà náà ní kí n máa fi sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ fún un lómi díẹ̀díẹ̀, kí n sì tètè gbé e wá, nítorí bí ehoro kò bá jẹun, ìfun rẹ̀ lè dá iṣẹ́ dúró. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́, a wọ ọkọ̀. Mo fẹ́ gbé ehoro náà, ṣùgbọ́n Bàbá kọ̀, ó ní òun ni yóò gbé e.

Ọkọ̀ há ní Ganmo. A wà lójú kan.

"Etí rẹ̀ ti tutù," ni Bàbá wí. Ó ṣí bọ́tìnì bùbá rẹ̀, ó sì ti ehoro náà bọ àyà.

"Ṣé ó ń mí?"

"Ó ń mí. Sọ fún dírẹ́bà kí ó wá ọ̀nà mìíràn."

A dé Ìlọrin níkẹyìn. Ọ̀dọ́bìnrin ni dókítà náà. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu ehoro náà, ó pẹ́ kí ó tó gbójú sókè. "Ti iwájú nìkan kọ́, Bàbá. Eyín ẹ̀yìn kan ti mú ṣóńṣó, ó ti gún ahọ́n rẹ̀. A ní láti fún un lóògùn oorun ká tó lè ṣe é. Ó sì ti rẹ̀ ẹ́ jù. Ó lè má jí."

"Bí a kò bá ṣe é ńkọ́?"

"Ebi ni yóò pa á."

Bàbá fọwọ́ pa ehoro náà lórí. "Bísímílà. Ṣe é, ọmọ mi."

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. A ń gbọ́ ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń rin eyín náà. Bí ó bá ti dún, Bàbá á fún tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀ pọ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ dárí jì mí."

"Dákẹ́ ná."

Nígbà tí dókítà jáde, ó fi táwẹ̀lì wé ehoro náà tí kò mira. "Mo ti yọ eyín tó là, mo sì ti rin àwọn yòókù. Ó ku kí ó jí." Bàbá gbà á, ó fi ìka kan lé e láyà. A dúró. N kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn àkókò gígùn, ẹsẹ̀ ehoro náà ta Bàbá níkùn. "Alihamudulilahi!" Ó pariwo débi pé ajá inú yàrá kejì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó.

Dókítà wá béèrè ohun tí a fi ń bọ́ ọ. Mo ní búrẹ́dì, gààrì tí a rẹ, ìrẹsì àṣẹ́kù. Ó mi orí. Ó ní eyín ehoro kì í yé dàgbà, koríko líle ló ń bá a lọ̀ ọ́ kúrú.

Nínú ọkọ̀, mo sọ ọ́ jáde: "Èmi ni mo fà á."

"Àwa méjèèjì ni," ni Bàbá wí. "Mo máa ń bu nínú oúnjẹ tèmi fún un."

Ó ti di ọdún kejì. Eyín kan tó kù nísàlẹ̀ kò ṣe déédéé mọ́, nítorí náà a ṣì ń gbé e lọ sí Ìlọrin kí dókítà rin ín. Láràárọ̀ ni mo ń gé koríko lẹ́yìn ilé-ìwé wa, àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi sì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Bàbá kò sì jẹ́ kí n dá gbé ehoro náà lọ rí.