Ẹrù Tí Sùlé Gbé Wọ Odò

Òwúrọ̀ ọyẹ́ kan wà tí kò kúrò lọ́kàn mi. Atẹ́gùn ti gbé òórùn ata gbígbẹ láti ọjà Ose Okwodu ní Onitsha wọ àgbàlá wa, ó sì bá òórùn aṣọ tuntun tí bàbá mi tò sínú yàrá pàdé. Gbogbo ilé ló ń sín. Bàbá mi sín, ìyá mi sín, onílé wa sín nínú yàrá tiwọn lọ́hùn-ún, ìyá mi sì kígbe láti ibi ìdáná pé, "Papa Uju, sorry o!" Èmi nìkan ni kò ráyè sín. Ìdì aṣọ ńlá kan wà lórí mi tí mò ń gbé bọ̀ síta, bí mo bá fi lè sín pẹ́nrẹ́n, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni gbogbo ànkárá yẹn ń lọ.

Orí ni mo fi gbé ìdì aṣọ, orí náà ni mo sì fi ń gbé báàgì ìwé mi lọ sílé ìwé. Òfin bàbá mi nìyẹn: nínú ilé wa, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn. Irú báàgì tí àwọn ọmọ yòókù ń gbé kọ́ èjìká méjèèjì, ọjọ́ tí wọ́n ra tèmi ni bàbá mi ti fi sísọ́ọ̀sì gé okùn rẹ̀ dànù. Wọ́n á ní, "Orí ni Ọlọ́run dá fún ẹrù. Ẹ̀yìn, ọmọ pípọ̀n ló wà fún." Àwọn ẹgbẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Bí mo bá béèrè ìdí lọ́wọ́ ìyá mi, wọ́n á ní, "Bọ̀sẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," wọ́n á sì rán mi níṣẹ́ lọ síbi tó jìnnà.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá. Bàbá mi ń ta aṣọ ní ọjà Ochanja, ìyá mi ń ta mílíìkì àti ṣúgà àti sadíìnì níwájú ilé. Ilé Papa Uju la ń gbé. Ọmọ Odekpe, nítòsí Onitsha, ni wọ́n, ọkùnrin gíga kan tí ẹ̀rín wọn máa ń ṣáájú wọn wọ àgbàlá. Uju ọmọ wọn ni ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jẹ, tí a jọ ń mu. Mo gbọ́ Ìgbò ju Yorùbá lọ nígbà yẹn. Bàbá mi máa ń sọ pé Yorùbá mi ń tiro, àti pé àwọn ò tiẹ̀ mọ èwo nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń dùn ún.

Papa Uju ti jagun rí. Wọ́n jà fún Biafra, gbogbo àdúgbò ló mọ̀, torí wọ́n ti sọ ogun náà di ẹ̀fẹ̀: bí wọ́n ṣe sá lálẹ́ fún màlúù tí wọ́n rò pé ọ̀tá ni, bí wọ́n ṣe fi igi kọ́ bí a ṣe ń yìnbọn torí ibọn ò kárí. Iyọ̀ nìkan ni wọn kì í fi ṣeré. Iyọ̀ ti wọ́n wọn bí ojú nígbà ogun, nítorí náà agolo iyọ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, ó wà lójú fèrèsé, ó wà nínú àpò ẹ̀wù. Wọ́n á bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á máa fi ahọ́n tọ́ ọ lá bí ọmọdé tó rí ṣúgà. Èmi àti Uju dán an wò lọ́jọ́ kan. Omi la mu sùn.

Ohun tí wọ́n fẹ́ràn tẹ̀ lé iyọ̀ ni ìwé ìtàn àròsọ tó dá lórí ogun, ìwé àlòkù tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ́ ìwé sílẹ̀ lẹ́bàá títì, èyí tí èèpo rẹ̀ ti ya dànù ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ojú wọn ò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí náà nígbà tí mo dé kíláàsì kẹfà, tí okìkí kàn pé ọmọ Yorùbá yẹn mọ̀wé kà, iṣẹ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí a jẹun tán, Papa Uju á gbé àpótí ìjókòó wọn sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ tí àwọn ń pè ní udara. Màá jókòó sórí ẹní, màá máa kàwé, wọ́n á máa fi ẹ̀pà tù mí lójú. Bàbá mi náà á wà níbẹ̀, wọ́n á máa ká aṣọ tó ti wà ní kíká tẹ́lẹ̀.

Ìwé tí mò ń kà nígbà yẹn, sójà òyìnbó kan ló dá lé. Sájẹ́ntì ni, mi ò sì ní purọ́, ọkùnrin náà wù mí. Ó lè gbé ẹni tó fara gbọgbẹ́ sí èjìká kan, kó gbé ibọn sí èkejì, kó máa sáré gun òkè, kó tún máa pa àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́rìn-ín. Kì í rẹ̀ ẹ́. Ebi kì í pa á, àfi bí ẹni tó kọ̀wé bá rántí. Papa Uju máa ń dá mi dúró: "Bose, biko, since morning dis man never piss?" Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Bàbá mi á rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n á tún mú aṣọ mìíràn ká.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, a dé ibi tí wọ́n ti ń sọdá odò. Sájẹ́ntì gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn, ó wọ omi dé ọrùn, ó lúwẹ̀ẹ́ gba àárín ọta, ó jáde ní òdìkejì, ó gbọn ara bí ajá, ó ní ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Mo fi ohùn kà á. Bí mo ṣe ní kí n mí ni bàbá mi ju aṣọ ọwọ́ wọn sílẹ̀.

"Na lie!" Wọ́n pariwo débi pé adìyẹ fò sókè. "Na big lie! Person wey carry load for back enter water, e no dey come out. De load go drink water, e go draw am go down. You go see him hand. Only him hand." Wọ́n wá sọ ọ́ ní Yorùbá, wọn ò sì bá ẹnikẹ́ni nínú wa sọ ọ́: "Mo rí ọwọ́ Sùlé. Ọwọ́ mi ò tó o."

Àtẹ́lẹwọ́ Papa Uju, tòun ti iyọ̀ inú rẹ̀, dúró sójú kan.

"Papa Bose," wọ́n wí jẹ́jẹ́, "which water be dat?"

Bàbá mi fi àgbọ̀n júwe ìhà ibi tí Odò Ọya wà.

"You enter from which side?"

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣa aṣọ tí wọ́n jù sílẹ̀. Láti Asaba, ní òdìkejì odò, ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti wá. Àwọn ọmọ ogun Biafra ló dúró dè wọ́n ní Onitsha. Bàbá mi tí mo mọ̀ sí aláṣọ, sójà ni wọ́n rí, ìyá mi nìkan ni wọ́n sì sọ ọ́ fún. Papa Uju da iyọ̀ ọwọ́ wọn sílẹ̀, ohun tí mi ò rí kí wọ́n ṣe rí. Wọ́n gbé àpótí wọn, wọ́n wọlé.

Bí àgbàlá wa ṣe pa lọ́lọ́ nìyẹn. Bí mo bá kí Papa Uju, wọ́n á dá mi lóhùn pé, "Nne, kedu?" Bí bàbá mi bá kí wọn, igi àgbálùmọ̀ ni wọ́n máa ń wò. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í di àwo sínú páálí, àwọn tí a kì í lò ni wọ́n kọ́kọ́ dì, lẹ́yìn náà àwọn tí a ń lò. Mo gbọ́ tí bàbá mi ń sọ fún wọn nínú yàrá pé, "Bó bá ní ká jáde, kò jẹ̀bi. Ilé rẹ̀ ni, ìlú rẹ̀ ni." Ẹ̀rù bà mí gidi. Níbo la fẹ́ gbà lọ? Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń pè ní ilé, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo débẹ̀ rí, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì ń sín Yorùbá mi jẹ. Onitsha ni mo mọ̀. Uju ni mo mọ̀. Àwa méjèèjì ti pinnu pé bí wọ́n bá lé wa, Uju á fi mí pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, á sì máa bu oúnjẹ wá fún mi títí màá fi lọ́kọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù ní Ochanja, ọjà ò yá, mo bá ṣe ọkàn gírí. Mo ní, "Bàbá, ta ni Sùlé?" Mo rò pé wọ́n máa rán mi níṣẹ́ ni. Wọ́n jókòó lórí ìdì aṣọ.

Ọmọ Ọ̀fà ni Sùlé, ọ̀rẹ́ wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ wọ iṣẹ́ ológun, aláwàdà ẹ̀dá. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ sọdá odò, ibà ń gbọ̀n bàbá mi pẹ̀pẹ̀. Sùlé bá tú ẹrù kúrò lẹ́yìn wọn, ó dì í mọ́ tirẹ̀, ó ní, "Ìwọ ṣáà gbé ara rẹ, màá gbé ìyókù." Nígbà tí ọta dé, tí ọkọ̀ ojú omi wọn dojú dé, bàbá mi léfòó, wọ́n rí etí ọkọ̀ dì mú, torí kò sí nǹkan kan lẹ́yìn wọn.

"Ẹrù tèmi ló wà lẹ́yìn rẹ̀," bàbá mi wí. "Bọ̀sẹ̀, tèmi ni." Wọ́n sunkún. Mi ò rí kí bàbá mi sunkún rí, mi ò sì mọ ibi tí mo fẹ́ gbé ojú sí. Oníbàárà kan ló yọ wá, ó ń béèrè ànkárá aláwọ̀ ewé. Bàbá mi nu ojú, wọ́n dìde, wọ́n sì bá a nájà. Láti ọjọ́ náà, ẹ ò gbọ́ ẹnu mi mọ́ lórí ọ̀rọ̀ báàgì.

Lọ́jọ́ Ìsinmi mìíràn ni Uju kan ilẹ̀kùn wa. "Papa m sị ka unu bịa," ó wí. Bàbá òun ní ká máa bọ̀. Ìyá mi gbá ìborùn mọ́ ìdí bí ẹni tó ń lọ sí kóòtù. Nígbà tí a débẹ̀, àpótí ìjókòó méjì ló wà lábẹ́ igi, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni Papa Uju sì tò wọ́n sí.

"Bose, bring book," Papa Uju wí. "Start from dat water."

Mo kà á. Mo tiẹ̀ kà á dáadáa ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí mo rò pé bó bá dùn gbọ́, wọn ò ní lé wa. Nígbà tí mo débi tí sájẹ́ntì ti gbọn ara bí ajá, Papa Uju na ọwọ́ sókè.

Wọ́n ní àwọn wà ní bèbè odò lọ́jọ́ yẹn, nínú koríko, ọmọdé náà ni àwọn. Ọ̀gá ní kí wọ́n yìnbọn sí ojú omi, àwọn sì yìn ín. Ohun tí wọ́n fi ń tu ara wọn nínú láti ìgbà náà ni pé omi ni àwọn yìnbọn sí. "All dese years, Papa Bose, na water I shoot," wọ́n wí. "Now you don give am name. I close eye, na Sule. I see you for dis compound, na Sule."

Gbogbo ìgbà tí a rò pé inú ló ń bí wọn, ojú bàbá mi ni wọn ò lè wò.

"No be you," bàbá mi wí kíákíá. "Na my load kill am."

"Wetin concern load? Na bullet turn de canoe."

"And na you one dey shoot? How you take know say na your own?"

"How you take know say na de load? If load no dey, Sule sabi swim?"

Ọmọ Ọ̀fà, níbo ni yóò ti kọ́ odò wíwẹ̀? "E no sabi," bàbá mi wí, ohùn wọn sì lọ sílẹ̀ gan-an.

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń fa Sùlé mọ́ ara wọn lọ́wọ́ bí ọ̀rẹ́ méjì tó ń du ta ni yóò sanwó ẹmu, omijé ń bọ́ lójú àwọn méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbà. Èmi àti Uju ń yí ọrùn síbí, à ń yí i sọ́hùn-ún, à ń retí ẹni tó máa jàre. Ìyá mi ló là wọ́n. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin bàbá méjèèjì, ẹ gbé Sùlé sílẹ̀ ná kẹ́ ẹ jẹun," wọ́n sì lọ tú páálí àwo.

Wọn ò gbé e sílẹ̀ rárá o. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe àríyànjiyàn yẹn, lọ́jọ́ Kérésì, lọ́jọ́ iṣu tuntun, títí ó fi di pé bí wọ́n bá ti gbé e dé, àwa ọmọ á ti mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn láti sọ. Nígbà tí bàbá mi kú, a gbé wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Papa Uju, arúgbó tó ti ń tẹ̀pá, wọ bọ́ọ̀sì láti Onitsha wá, Uju dì wọ́n mú. Wọ́n ní kí bàbá náà sọ̀rọ̀ létí ibojì, gbogbo mọ̀lẹ́bí sì gbé etí sílẹ̀. Papa Uju bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní, "Papa Bose, drop am. De one wey remain, I go carry." Mo sunkún lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe sunkún nígbà tí mo gbọ́ ikú lọ.

Ochanja ni mo ṣì wà, nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, mo sì ti dàgbà ju bí àwọn méjèèjì ti dàgbà lọ lọ́jọ́ tí wọ́n jókòó sábẹ́ igi yẹn. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi. Bọ̀sẹ̀ kékeré tí mo jẹ́ nígbà yẹn ka ojú ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mejì láìkọsẹ̀, ó sì ń dúró kí ẹnì kan jàre. Èmi ti mọ̀ báyìí pé kò sẹ́ni tó ń du àre níbẹ̀. Nígbà tí mò ń kà á fún àbíkẹ́yìn mi, bí mo ti dé etí odò ni mo na ìwé sí i. Ó gbà á, ó ń kà á geere, sájẹ́ntì ń wọ omi, sájẹ́ntì ń lúwẹ̀ẹ́, inú ọmọ mi ń dùn pé ó ti fẹ́ jáde ní òdìkejì. Sájẹ́ntì lòun ń rí. Èmi tí mi ò mọ Sùlé rí, ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń rí.