Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Ti Ìlẹ̀kùn Ṣọ́ọ̀ṣì Mọ́ Wa

Mo rántí ìgbà tí mo ń ya àwòrán ọ̀nà ní iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Àkúrẹ́, tí ìlà tí mo fọwọ́ ara mi fà gba àárín ṣọ́ọ̀ṣì bàbá mi kọjá. Ọ̀gá mi ló fún mi ní ìwọ̀n, iṣẹ́ tèmi kò ju kí n fà á lọ. Nígbà tí mo gbé rúlà kúrò, mo rí i pé pẹpẹ àti ìdajì ibi tí àwọn akọrin ń jókòó ti di ojú títì. Ọ̀gá ní, “Ọ̀rọ̀ yìí ò gbọdọ̀ jáde kí ìwé tó dọ́wọ́ àwọn onílé o.” Mo ní, “Ó dáa, sà.” Mo rò nígbà náà pé ẹni tó bá ti panu mọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́. Ọmọdé ló ń ṣe mí.

Láti ìlú Oǹdó ni bàbá mi ti wá dá ìjọ náà sílẹ̀ ní ẹ̀yìn òpópónà Arákàlé ní Àkúrẹ́, kí wọ́n tó bí mi. Òun àti àwọn ìyá ìjọ ló ru búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń lọ sí ìsìn, mo ń bu oúnjẹ fún bàbá mi, mi ò sì lè lanu. Bí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ lọ. Bí n kò bá sọ ọ́, irú ọmọ wo ni mí? Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí.

Nígbà tí ìwé dé, tí wọ́n sì fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri, bàbá mi kò bá ẹnikẹ́ni rojọ́. Ní Sọ́ńdè, ó ṣí ibi tí Olúwa ti sọ fún Pétérù pé agbára ọ̀run àpáàdì kò ní borí ìjọ òun. Ó ní katapílà kankan ò lè wó ilé yìí, pé ẹni tó bá gbé bẹ́ńṣì kan jáde ti sẹ́ ìgbàgbọ́. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín, ohùn tèmi tilẹ̀ ròkè ju ti àwọn yòókù lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá láti wó o, ó pè wá fún àdúrà. Àwa mẹ́rìnlá la wọlé. Bí a ti ń kọrin lọ́wọ́ ni ó ti ìlẹ̀kùn, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Irin wà lójú gbogbo fèrèsé. Ooru páànù ń jó wa lórí, katapílà ń kùn níta, eruku sì ń já bọ́ láti òkè àjà. Ẹnì kan ń kígbe níta pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde o!” Ohùn ọ̀gá mi ni.

Mo kúnlẹ̀. “Bàbá, èmi ni mo fa ìlà náà. Mo ti mọ̀ kí ìwé tó dé.”

Ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. “Ìwọ?”

Ìyá ìjọ àgbà dìde. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, òun ló kọ́kọ́ gba ìwàásù bàbá mi gbọ́ ní Àkúrẹ́, òun nìkan ló sì lè pè é lọ́mọ. Ó ní, “Ọmọ mi, Jésù fúnra rẹ̀ ló sọ pé tẹ́ńpìlì tó rẹwà yẹn, òkúta kan ò ní kù lórí èkejì. Ó sunkún lórí ìlú náà, ṣùgbọ́n kò ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní kí àwọn èèyàn sá ni. Tẹ́ńpìlì sì wó lóòótọ́. Bí àwọn onígbàgbọ́ bá kú sínú rẹ̀, ta ni ì bá mú ìhìn náà dé ọ̀dọ̀ wa? Ìjọ tí ọ̀run àpáàdì ò lè borí, àwa tá a dúró síbí yìí ni. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ṣílẹ̀kùn.”

Bàbá mi yọ kọ́kọ́rọ́ jáde nínú àpò. Èmi ni mo gbà á, mo sì ṣí i. Kò pẹ́ tí a jáde tán ni ògiri pẹpẹ wó, eruku sì bo gbogbo wa, bàbá mi àti ọ̀gá mi pẹ̀lú.

Bàbá padà sí Oǹdó. Ìjọ ń pàdé lábẹ́ àtíbàbà oníṣòwò pákó kan, mùsùlùmí ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó ní òun kì í ta pákó ní Sọ́ńdè, kí a máa lò ó. Gbogbo Sátidé ni mo ń lọ sí Oǹdó. Bàbá á dá kíkí mi lóhùn, á sì máa ka Bíbélì rẹ̀ lọ. Ní Sátidé kẹfà ó béèrè pé, “Ta ló ń wàásù fún wọn?”

“Kò tíì sẹ́nì kan, sà. À ń kọrin, a sì ń gbàdúrà.”

“Gbogbo wọn ṣì ń wá?”

“Gbogbo wọn, sà.”

Ní ọjọ́ kejì, kí a tó dé àtíbàbà, ó ti wà níbẹ̀, ó ń to pákó tí a ó jókòó lé. Orí ọ̀rọ̀ tẹ́ńpìlì ló ti wàásù. Ó ní, “Ìlérí ni mo kà, n kò ka ìkìlọ̀. Ẹ forí jì mí.” Àwọn àgbà sunkún.

Ọ̀nà Ìta-Ògbólú ni ìjọ wà báyìí, a sì ti pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Oǹdó ni a sin bàbá mi sí. Títí ó fi kú, kò bi mí léèrè rí pé kí ló dé tí mo fi fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ fún un. Mo ti to ìdáhùn mi sílẹ̀: iṣẹ́, ọ̀gá, ìbẹ̀rù. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé àánú mi ló ṣe é. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, mo máa ń rò pé ó bẹ̀rù ohun tí n ó sọ. Ìdáhùn náà ṣì wà lẹ́nu mi. Ẹni tí ì bá gbọ́ ọ kò sí mọ́.