Àwọn Tó Lójú Ni Mò Ń Tàn Án Fún

Ara mi kì í balẹ̀, kódà kí ojú mi tó fọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ètò orí kọ̀ǹpútà tí ọ̀rẹ́ mi kan ní Ajégúnlẹ̀ bá mi gbé sórí kọ̀ǹpútà mi lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo ohun tó bá wà lójú kọ̀ǹpútà ló ń kà sí mi létí, wàràwàrà, bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Òun ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ní Wharf Road, lọ́dọ̀ àwọn agẹ́ńtì tó ń báni gbẹ́rù jáde ní pọ́ọ̀tù. Tí wọ́n bá ti mú iná lọ, mo máa ń pa iná ojú kọ̀ǹpútà kí bátìrì lè pẹ́. Kí ni mo fẹ́ fi ìmọ́lẹ̀ ṣe?

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, mo ti íyapíìsì bọ etí, mò ń sáré tẹ ìwé ẹrù tí ọ̀gá mi ń dúró dè. Akọ̀wé wa tuntun wọlé, ó rí i pé ojú kọ̀ǹpútà ṣú dùdù, àánú mi sì ṣe é.

"Háà, bọ̀dá, ẹ pẹ̀lẹ́ o! Látàárọ̀ tẹ́ ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́, ẹnikẹ́ni ò bá yín tàn án!"

Kí n tó lanu, ó ti tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tan kọ̀ǹpútà, tí wọ́n tún fi ń pa á, mọ́lẹ̀. Ohùn tó wà létí mi dákẹ́. Gbogbo ohun tí mo ti tẹ̀ bá a lọ. Igbe tí mo ké, àwọn onítírélà tó wà níta gbọ́ ọ.

Látọjọ́ náà, mi ò pa iná ojú kọ̀ǹpútà mọ́. Bó bá wu bátìrì, kó kú. Àwọn tó lójú ni mò ń tàn án fún.