Ìwé Ọpọ́n Ìwẹ̀ Ìyá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ọ̀tà, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ elépo kan àpótí kan tó wà lábẹ́ ibùsùn ìyá mi. O lè jí ẹran mú nínú ìkòkò rẹ̀, á bínú, inú rẹ̀ á sì tún rọ̀. Ṣùgbọ́n àpótí yẹn! Ẹ̀yin ọmọ, bí mo ti ń dárúkọ rẹ̀ yìí, inú ti tún ń bí mi. Ẹ jẹ́ kó máa bí mi. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ fún mi pé àgbàlagbà kì í bínú ọ̀rọ̀ àtijọ́. Èmi náà sì máa ń bi wọ́n pé, bí n kò bá bínú rẹ̀, ta ló kù tó máa bá mi bínú rẹ̀?

Ìwé ló wà nínú àpótí náà. Kì í ṣe Kùránì, kì í sì í ṣe ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Kátálọ́ọ̀gì ni, ìwé tí àwọn oníṣòwò òyìnbó máa ń tẹ̀ láti fi àwòrán ọjà wọn han oníbàárà. Ohun èlò balùwẹ̀ àti ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ló wà nínú àwọn ti ìyá mi: ọpọ́n ìwẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí bí ẹsẹ̀ kìnnìún, abọ́ ìfọwọ́ tí wọ́n ya òdòdó aláwọ̀ aró sí nínú, ẹnu ẹ̀rọ omi tó tẹ̀ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ, àga ìgbọ̀nsẹ̀ tí ewé àti èso yí ká. Gbogbo wọn ló ti gbó. Òmíràn ti wà láyé kí wọ́n tó bí ìyá mi pàápàá. Bí ìwé bá ṣe gbó tó ni ìyá mi ṣe ń fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ó ní àwọn òyìnbó àtijọ́ ló fi sùúrù ṣe ọnà sára nǹkan, pé àwọn ti ìsinsìnyí kàn ń rọ ohun funfun pẹlẹbẹ jáde ni.

Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ kan tó jẹ́ alágbàfọ̀ ló gbé dàgbà, wọ́n sì máa ń gba aṣọ fọ̀ ní ilé ìtajà òyìnbó kan létí ọ̀sà. Bí kátálọ́ọ̀gì tuntun bá ti bá ọkọ̀ ojú omi dé, wọ́n á da ti àtijọ́ síta pé kí wọ́n fi dáná. Ìyá mi á bẹ̀ wọ́n, wọ́n á sì kó o fún un. Nígbà tó ń lọ sílé ọkọ ní Ọ̀tà, àpótí ìwé yìí wà lára ẹrù ìyàwó. Wọ́n ní àwọn tó sin ín wá rò pé aṣọ ló wúwo bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, èmi náà di akówèéjọ. Kò sí ibi tí ìwé ti ń já bọ́ ní Ọ̀tà tí n kò mọ̀. Obìnrin kan wà lójú ọ̀nà Àtàn tó ń ta ẹ̀pà yíyan, ìwé àlòkù láti Èkó ló sì fi ń wé e. Mo máa ń já ewé gbòdògí láti oko bàbá mi lọ bá a, kí ó gba ewé, kí ó sì jẹ́ kí n yẹ ìwé rẹ̀ wò. Á máa rẹ́rìn-ín, á ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwé lẹ fi ń ṣe ọbẹ̀ nílé yín ni?” Ìgbà kan wà tí mo rí ojú ewé kan níbẹ̀, ọpọ́n ìwẹ̀ aláwọ̀ ewé tí ẹja méjì gbé dúró. Mo sáré délé débi pé bàtà mi kan já bọ́ sọ́nà. Ìyá mi fi ẹ̀kọ gbígbóná lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé kan tí ojú ewé rẹ̀ ti ya, ó sì fi ọwọ́ tẹ́ ẹ títí ó fi gbẹ.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ la máa ń tẹ́ ẹní, a ó sì máa ṣí wọn wò níkọ̀ọ̀kan. Ìyá mi kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n kò sí àwòrán tí kò lè sọ̀rọ̀ lé lórí. Á tọ́ka sí àga ìgbọ̀nsẹ̀ olódòdó, á ní, “Wò ó dáadáa. Ẹni tó bá lè fi òdòdó sí ibi tí èèyàn á ti jókòó yàgbẹ́, onítọ̀hún fẹ́ràn ọmọ aráyé.”

Balùwẹ̀ tiwa nìyí: imọ̀ ọ̀pẹ la fi yí i ká, òkúta pẹlẹbẹ la sì ń dúró lé. Ìyá mi mọ ògiri amọ̀ kékeré kan síbẹ̀, ó fi ẹfun àti aró ya òdòdó inú ìwé sí i lára. Àwọn ìyàwó ilé yòókù kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń wá bá a lọ́kọ̀ọ̀kan pé, “Ìyálé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya díẹ̀ sí tèmi náà.”

Àbúrò bàbá mi kan wà nínú agboolé wa tó kàwé ju gbogbo wọn lọ. Òun ni akọ̀wé àti ògbufọ̀ fún òyìnbó kan tó wá ń wọn ilẹ̀ fún ọ̀nà mọ́tò. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, nítorí náà Akọ̀wé ni ìyá mi ń pè é, tìfẹ́tìfẹ́ ni pẹ̀lú. Láràárọ̀, òun ló ń gbé omi ìwẹ̀ kalẹ̀ fún un kó tó lọ síbi iṣẹ́. Bí òtútù bá mú, á lọ́ omi náà wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ọkùnrin tí a ń lọ́ omi fún yìí ló mú òyìnbó náà wá sílé wa lọ́jọ́ tí ìyá mi lọ ná ọjà Àtàn. Ó ti ń wá ohun tí yóò fi wu ọ̀gá rẹ̀, kí wọ́n lè fi í ṣe olórí akọ̀wé. Mo ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo rí i tó bọ́ sínú yàrá ìyá mi, tó ń fa àpótí jáde.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìyá mi kò sí nílé.”

Ó ní, “Ta ló bi ọ́?”

Òyìnbó kúnlẹ̀ sórí erùpẹ̀ bí ọmọdé, ó ń ṣí ìwé, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ń sọ̀rọ̀ wéréwéré. Àbúrò bàbá mi wá yíjú sí bàbá mi tó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ní òyìnbó sọ pé irú ìwé báyìí ti di àwátì nílùú àwọn, pé òun á fẹ́ kó o lọ sílé.

Bàbá mi ní, “Ìyá wọn ló ni ín. Ẹ jẹ́ kó dé.”

“Ẹ̀gbọ́n, òyìnbó ni kó dúró de obìnrin, nítorí ìwé ṣáláńgá?”

Bàbá mi dákẹ́. Wọ́n kó o lọ lójú rẹ̀, ó dákẹ́. Ó ti kú ọjọ́ pẹ́, Ọlọ́run kẹ́ ẹ, bàbá rere ni. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ yẹn ṣì ń dùn mí.

Nígbà tí ìyá mi dé, kò sunkún. Ó wo àpótí tó ṣófo, ó ní, “Ta ló wọ yàrá mi?” Mo sọ fún un. Nígbà tó di àárọ̀, ó kírun tán, ó ró ìró àrán rẹ̀, ó ní, “Dìde, ká lọ. Ìwọ gbọ́ díẹ̀ nínú èdè wọn.” Lóòótọ́, mo ti ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́ kò ju ti kíkí àti dídúpẹ́ àti orúkọ nǹkan inú kíláàsì.

Lórí òkè ni ilé tí òyìnbó náà wọ̀ sí wà. Ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń mu tíì. Àwọn ìwé wa wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Àbúrò bàbá mi sáré sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé wa.

“Ìyàwó, kí lo wá ṣe níbí?”

Ìyá mi kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, “Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá yín pé ìwé mi ni mo wá kó. Ẹ ní n kò bá a jà. Ẹ ní mo mọ̀ pé kò mọ̀ pé èmi ni mo ni ín.”

Òyìnbó béèrè nǹkan kan. Àbúrò bàbá mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì sọ̀rọ̀. Inú ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ti gbọ́ “tánkíù”. Mo tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Òyìnbó bá dìde, ó tẹ orí ba fún ìyá mi, ó sì wọlé lọ. Ìyá mi wò mí, ó tújú ká. Ó rò pé ó ti gbọ́ òun yé. Nígbà tí òyìnbó jáde, ìyá mi na ọwọ́ méjèèjì láti gba ìwé rẹ̀.

Agolo bisikíìtì ló gbé lé e lọ́wọ́.

N kò mọ ìgbà tí mo pariwo. “Nóò! Nóò tánkíù! Búùkù! Búùkù ìyá mi!”

“Pa ẹnu rẹ dé, ọmọ burúkú!” Àbúrò bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi ní, “Kí ló sọ fún un?”

Mo ní, “Ìyá mi, ó ní ẹ wá dúpẹ́ ni. Ó ní ẹ wá dúpẹ́ pé ó gba ìwé yín.”

Ìyá mi rọra gbé agolo náà sílẹ̀. Ẹ̀rín ti kúrò lójú òyìnbó. Ó ń wo èyí, ó ń wo tọ̀hún, ó bi ògbufọ̀ rẹ̀ léèrè, ògbufọ̀ sì ròyìn gígùn. Òyìnbó sọ gbólóhùn kan. Àbúrò bàbá mi yíjú sí wa, ó ní, “Ó ní ẹni tó lè ka ìwé ló ni ìwé.” Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá òyìnbó ló sọ ọ́ tàbí òun fúnra rẹ̀.

Ìyá mi ní, “N kò lè kà á, ṣùgbọ́n mo lè rù ú.” Ó gun àtẹ̀gùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé rẹ̀ sápá. Akódà kan sáré dé, ó di apá rẹ̀ mú. Àbúrò bàbá mi di apá kejì mú, ó ń já ìwé gbà lábẹ́ abíyá rẹ̀, ìwé ń ya. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni o! Òyìnbó kígbe ọ̀rọ̀ kan, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Mẹ́ta péré la gbé délé, ọ̀kan nínú wọn kò sì lẹ́yìn mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n pe ìpàdé ẹbí. Àbúrò bàbá mi ní ìyá mi ti ba òun lórúkọ jẹ́ lójú ọ̀gá òun, pé kó kúnlẹ̀ bẹ òun, kó sì dá mẹ́ta yẹn padà. Bàbá mi ní, “Ìyá ọmọ mi, kúnlẹ̀, kọ́rọ̀ tán.”

Ìyá mi kúnlẹ̀. Ó kọjú sí àwọn àgbà, ó ní, “Ẹ̀yin ni mo kúnlẹ̀ fún. N kò kúnlẹ̀ fún un. Ẹni tó wọ yàrá obìnrin tí kò sí nílé ló jẹ̀bi. Omi tí mo ń gbé fún un sì parí lónìí.”

Wọ́n bínú, wọ́n ní kí ìyàwó mìíràn máa gbé e. Ẹ gbọ́, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbé e. Ọ̀kan ní ẹ̀yìn ń dun òun, èkejì ní ọmọ òun ń sunkún, ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ wá àwáwí rárá. Gbogbo àwọn tí ìyá mi ya òdòdó sí balùwẹ̀ wọn! Bẹ́ẹ̀ ni akọ̀wé òyìnbó ṣe ń gbé garawa fúnra rẹ̀ láti ìdí kànga, tí omi ń ta sí ṣòkòtò rẹ̀ tí wọ́n lọ̀ gbinrin. Àwa ọmọdé á dúró máa wò ó. A kò rẹ́rìn-ín. Wíwò la kàn ń wò.

Òyìnbó náà parí iṣẹ́, ó sì kó ìwé wa yòókù lọ. Wọ́n fi àbúrò bàbá mi ṣe olórí akọ̀wé lóòótọ́, ó kó lọ sí Èkó. Ìyá mi wá dojú kọ mí. Ó ní, “Kọ́ èdè yẹn débi tí ẹnikẹ́ni kò ní lè fi ẹnu rẹ dúpẹ́ ohun tí o kò dúpẹ́ fún.” Aṣọ àrán rẹ̀ ló tà tí mo fi parí ìwé mẹ́fà. Bí mo ṣe di tíṣà nìyẹn.

Àbúrò bàbá mi gbó, ó tọ́, ó sì kú sínú ọlá. Níbi fidáù rẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn àlùfáà ṣàdúà tán, wọ́n ní kí èmi tí mo dàgbà jù nínú àwọn ọmọ agboolé sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa rẹ̀. Mo dìde, mo sì sọ ọ́: yàrá, àpótí, bisikíìtì, gbogbo rẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn náà. Ó ní, “Màmá, òkú lẹ ń bá jà yẹn.” Mo ní rárá, ẹ̀yin alààyè ni mo ń sọ fún. Láti ọjọ́ náà, òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ kì í kí mi lọ́jọ́ iléyá mọ́.

Ayé ti yí padà lójú mi. Bí ẹ bá gba Sàngó-Ọ̀tà kọjá lónìí, ẹ ó rí ọpọ́n ìwẹ̀ lóríṣiríṣi tí wọ́n tò sí ẹ̀bá títì, tí eruku mọ́tò ń bò wọ́n, àga ìgbọ̀nsẹ̀ lórí ara wọn bí ìkòkò àmù. Iléeṣẹ́ ń ṣe táìsì níhìn-ín, níbi tí a ti ń já ewé. Àwọn èèyàn ń yan tiwọn lórí fóònù, kò sí ẹni tó nílò ìwé mọ́. Ọmọbìnrin tó ń ta sìmẹ́ńtì gbọ́ gẹ̀ẹ́sì ju olórí akọ̀wé ìgbà náà lọ, kò sì sí ìyàwó tó máa gbé omi ìwẹ̀ fún àbúrò ọkọ. Mo yọ̀ sí i, n kò purọ́.

Àwọn ọmọ mi á ní, “Màmá, ẹ ti rí i báyìí, ẹ jẹ́ kó tán nínú yín.” Báwo ló ṣe máa tán? Láti ìgbà náà títí di òní, nínú gbogbo ẹbí bàbá mi, kò tíì sí ẹyọ ẹnì kan tó jókòó tì mí, kó sọ pé, “Ohun tí a ṣe fún ìyá rẹ kò dára.” Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ọmọ kékeré lè sọ ọ́ ní Yorùbá, kò nílò ògbufọ̀.